Eyín Òkè àti Eegun tí Ó Gbé E Ró

Nínú ìmọ̀ fònẹ́tíìkì, àfeyínfètèpè ni /f/: eyín òkè ni ó ń kan ètè ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá ń pè é. Nítorí náà, bí eyín iwájú òkè olùkọ́ bá ká tán, kì í ṣe àgbàdo sísun nìkan ni yóò nira fún un. Ọ̀rọ̀ pípè nínú kíláàsì pàápàá yóò ni ín lára.

Bí eyín bá ti kúrò, eegun tí ó gbé e ró a máa dín kù. Ní ọdún 1965 ni Per-Ingvar Brånemark, ará Sweden, kọ́kọ́ ri ìṣó taitáníọ́ọ̀mù mọ́ eegun aláìsàn láti gbé eyín ró, nítorí pé eegun a máa dì mọ́ irin yìí.

Bí eegun òkè bá ti fẹ́lẹ́ jù ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni fífi eegun kún ìsàlẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Èyí ń gba oṣù mélòó kan kí ó tó jinná. Èkejì ni dídá ìṣó ẹ̀yìn dàgẹ̀rẹ̀ sínú eegun iwájú tí ó ṣẹ́ kù. Ìṣó mẹ́rin lè gbé gbogbo eyín òkè. Ẹ̀kẹta ni ìṣó gígùn, bíi mìlímítà 30 sí 50, tí a ń rì mọ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe gidi ni.

Owó gọbọi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: kí ará Adó, Ìyìn tàbí Ìgèdè tí eyín rẹ̀ ń mì tètè lọ rí dókítà eyín, kí eegun tó lọ.