Ogun parí, àìsàn ò lọ! Àwọn sọ́jà ogun Gulf ń du owó ẹ̀tọ́ wọn

Kàyéfì ni! Àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà tó lé Saddam kúrò ní Kuwait lọ́dún 1991 délé tán, ni àìsàn bá wọlé tọ̀ wọ́n: ara ríro, orí fífọ́, àìróorunsùn, ìgbàgbé. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí nǹkan kan. Àwọn kan tiẹ̀ ní ìrònú lásán ni.

Lọ́dún 1994 lòfin jáde pé bí àìsàn ò tiẹ̀ lórúkọ, tó bá ti lò tó oṣù mẹ́fà lára wọn, ìjọba lè sanwó fún wọn. Àmọ́ òfin lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀! Lọ́dún 2015, nínú 100 tó béèrè, bíi 17 péré ni wọ́n dá lóhùn. Lọ́dún 2022, Biden buwọ́ lu òfin PACT kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o!