Láti Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ dé Ilé Ìjọba: Ẹ̀kọ́ Inú Ìrìn-àjò Adams Oshiomhole

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olórí òṣìṣẹ́ ní. Kò ní ọlọ́pàá, kò sì ní ìṣúra. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, iṣẹ́ yóò dúró. Kí ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà nígbà tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá di ìjọba?

Ajégúnlẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ni. Ní 1975, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá sí Èkó pọ̀ débi pé wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Yorùbá, Ìjọ̀, Urhobo, Ìgbò àti àwọn ará Edo ni wọ́n jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2003, ìjọba àpapọ̀ gbé owó lítà epo bẹntiróòlù kan láti ₦26 lọ sí ₦40. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Mo gba ọ̀nà Àpápá kọjá lásìkò náà: ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í jẹ́ kí a rí ilẹ̀ rẹ̀ dá páropáro. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, owó epo padà sí ₦34.

Adams Oshiomhole ni ààrẹ Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i ní Iyamho, nítòsí Auchi. Auchi yìí náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ ní àsìkò ogun àgbáyé kejì, kí ó tó padà sí Èkó ní 1945, ọdún ìyanṣẹ́lódì ńlá. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Kaduna ni Oshiomhole ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe aṣojú. Ó kàwé ní Ruskin College ní Oxford, ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ ní 1982, ó sì di ààrẹ gbogbo òṣìṣẹ́ ní 1999.

Ní 2007, ó du ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Edo. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé ẹlòmíràn ló wọlé. Ilé ẹjọ́ ni akóni-jáde-sí-títì yìí gbà lọ. Wọ́n dá a láre, ó sì gorí àléfà ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2008. “Comrade Governor” ni wọ́n ń pè é. Ní 2012, ó borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà.

Ní 2016, nígbà tí òfin ní ₦18,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ, ó sọ ti Edo di ₦25,000. A lè sọ pé ẹni tó ti ń bèèrè owó oṣù kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní 2013, ìjọba rẹ̀ fẹ́ fi ìdánwò yẹ ìmọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kọ̀. Ẹni tó ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń kọ̀ wá di ẹni tí òṣìṣẹ́ ń kọ̀ fún. N kò pe èyí ní ọ̀dàlẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀wé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, ó bá opó kan tó ń tajà létí títì ní ìlú Benin, ó sì fìbínú ní kí ó lọ kú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ariwo ta jákèjádò orílẹ̀-èdè. Gómìnà ránṣẹ́ pè é, ó tọrọ àforíjì, ó fún un ní mílíọ̀nù méjì náírà àti iṣẹ́.

Ẹ fi ọ̀ràn méjèèjì wé ara wọn. Àwọn olùkọ́ lè sọ pé rárá nítorí pé wọ́n ní ẹgbẹ́. Opó náà kò ní. Ariwo ará ìlú nìkan ló gbà á. Ọ̀rọ̀ olórí òṣìṣẹ́ ní ìjánu, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ lè dìde kúrò nípàdé. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gómìnà létí títì kò ní ibi tí yóò dìde lọ.

Oshiomhole ti ṣe alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú APC láti 2018 sí 2020, ó sì wọ ilé aṣòfin àgbà ní 2023. Ìtàn ni yóò parí ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà Tin Can Island, àwọn tó ń ta omi àti àkàrà fún awakọ̀, àti àwọn tó ń ru ẹrù lójúmọ́ láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Bí olórí òṣìṣẹ́ mìíràn bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè bí yóò ṣe bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wọlé.