Ilé tí Kò Gba Ìlànà Ìwé: Láti Ọjà Ọba dé Igbó Ọ̀ṣun

Gbọ̀ngàn Màpó, tí ó wà lórí òkè lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, jẹ́ àpẹẹrẹ ilé tí a fi ìlànà kọ́. Ọdún 1929 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí i, ti òun ti òpó ńláńlá bí ti Gíríìkì àti Róòmù. Ní ẹsẹ̀ òkè náà, ọ̀nà mìíràn ni àwọn bíríkìlà ìbílẹ̀ gbà: wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀ṣọ́ sára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní àṣà tí àwọn Àgùdà mú ti Bràsíìlì bọ̀.

Irú iṣẹ́ bíríkìlà bẹ́ẹ̀ ni Adébísí Àkànjí ń ṣe kí ó tó bá Susanne Wenger (Àdùnní Olórìṣà) tún àwọn ojúbọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ. Níbẹ̀, okùn ìwọ̀n kọ́ ni ó darí ògiri; ìwà òrìṣà ni. Ògiri tẹ̀, òrùlé gòkè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Nítorí náà, a kò lè sọ pé iṣẹ́ náà kò ní òfin. Òfin rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Amọ̀ ni inú ọ̀pọ̀ ère wọ̀nyí, sìmẹ́ńtì ni èèpo. Bí èèpo bá sán, òjò a wọlé, amọ̀ a sì rọ̀. Àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Wenger sì kú ní 2009. Ẹni tí yóò tún Màpó ṣe lè fi ìwọ̀n ṣe é. Ní Igbó Ọ̀ṣun, ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni àwòrán ilé. Bí ìkọ́ṣẹ́ náà bá parun, sìmẹ́ńtì nìkan kò lè gba ojúbọ là.