Ìjàpá Tí Kì í Mu Omi

Ẹni tí ó bá rí ọlọ́kọ̀ kan tí ó ta ọkọ̀ ìgbàlódé rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ń fúnra rẹ̀ yí gíà, tí ń fi ohùn ènìyàn júwe ọ̀nà, tí ó sì kó owó rẹ̀ lé Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí àkọ́bí rẹ̀, kò ní ṣàì rò pé nǹkan ń ṣe olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà kí onítọ̀hún gbé òun sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì jọ rìn láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kí oòrùn tó mú, yóò rí i pé ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ọwọ́, láti ẹsẹ̀ àti láti ibi tí ó fìdí lé, ni ọkùnrin náà fi owó rẹ̀ rà. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìn rẹ̀ wà, kí n sì fi hàn bí ó ti ń ṣiṣẹ́; ó dá mi lójú pé inú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ ni adùn rẹ̀ fi ara pamọ́ sí, kì í ṣe inú ogbó rẹ̀.

Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, a-gbélé-pọ̀n-rìnrìn-àjò! Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba Hitler ń wá ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà. Ogun dé, iṣẹ́ náà dàrú, ó sì di 1945 kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí Major Ivan Hirst ṣáájú wọn, tó gbé ilé iṣẹ́ náà dìde padà ní Wolfsburg. Láti ibẹ̀ ni ó ti rìn yí ayé ká: ní oṣù Kejì 1972, iye rẹ̀ kọjá iye Model T ti ilé iṣẹ́ Ford, tí ó ti wà lókè tipẹ́tipẹ́; ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Fusca, wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1986 kí Ààrẹ Itamar Franco tó rọ̀ wọ́n kí wọ́n tún padà ṣe é ní 1993; ní Nàìjíríà, 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, ìjàpá sì wà lára wọn. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, òun sì ni ó pé 21,529,464. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ta tiwa fún àwọn oní-irin-àlòkù ní owó tí kò tó nǹkan. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Ẹni tí ń wá èyí tí ó dúró dáadáa lónìí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára.

Iná ni ń wa gbogbo ẹ́ńjìn tí ń mu bẹntiróòlù, iná náà ni ó sì lè bà á jẹ́. Nínú sìlíńdà, afẹ́fẹ́ àti epo á parapọ̀, píṣítìnì á fún wọn mọ́ ara wọn, pọ́lọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn, agbára iná náà á sì ti píṣítìnì padà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru tí ń jáde níbẹ̀ ni kì í di ìrìn rárá, a sì gbọ́dọ̀ wá ibi tí a ó darí rẹ̀ sí kí àwọn irin inú ẹ́ńjìn tó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Omi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí: á máa yí inú ẹ́ńjìn ká, á gba ooru, á gbé e lọ sínú rádíétọ̀, á tutù, á tún padà. Ọ̀nà náà dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n rádíétọ̀ gbọ́dọ̀ wà, páìpù rọ́bà gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri gbọ́dọ̀ wà, gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní jẹ́ kí omi pàdé epo náà gbọ́dọ̀ wà, èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá sì jò láàárín Ṣágámù àti Ìbàdàn, ìrìn ọjọ́ náà parí.

Ìjàpá kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, méjì dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún, méjì dùbúlẹ̀ sí òsì, àwọn píṣítìnì tí ó wà ní ìdojúkọ ara wọn á jọ nà síta, wọ́n á sì jọ padà sínú, tí ọ̀kan fi ń pa ìgbọ̀n èkejì. Ara sìlíńdà náà kò dán. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni ó yí i ká ní ìpele ìpele, nítorí bí ojú irin tí afẹ́fẹ́ lè kàn bá ti fẹ̀ tó ni ooru ṣe ń yára fi í sílẹ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí abiyamọ ti í da ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo pẹrẹsẹ kí ó lè tètè tutù fún ọmọ. Lókè ẹ́ńjìn ni fáànù ńlá kan wà nínú àpótí irin. Fánbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ń yí i, orí ọ̀pá kan náà sì ni òun àti dáínámò jọ wà. Afẹ́fẹ́ á gba àwọn ojú ihò tí ó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn wọlé, fáànù á gbá a mú, á tì í gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyí, á kọjá lára ẹ̀rọ kékeré tí ń tu epo ẹ́ńjìn lára, á sì kó ooru jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ariwo tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìjàpá, tí a fi ń mọ̀ ọ́n láti ìdí ilé kẹta, ohùn fáànù yìí wà nínú rẹ̀.

Nítorí pé fáànù àti dáínámò jọ wà lórí ọ̀pá kan, bí fánbẹ́ẹ̀tì bá já, dáínámò á dákẹ́, iná pupa kékeré á sì tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí iná náà ń jẹ́ á dúró lójú ẹsẹ̀, á mú bẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó fi pamọ́, á sì fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ràn bátìrì lásán ni, tí ó ní kí òun ṣáà délé ná, ẹ́ńjìn rẹ̀ á ti jóná kí ó tó délé. Mo ka ètò yìí sí ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jùlọ nínú ọkọ̀ náà. Ó sì ṣe pàtàkì kí àwọn páànù àti rọ́bà tí ó yí ẹ́ńjìn ká pé pérépéré, nítorí àwọn mẹkáníìkì tí kò mọ ìwúlò wọn a máa jù wọ́n nù, afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ á sì padà gòkè, fáànù á tún fà á wọlé. Sìlíńdà kẹta ni ìyà yìí ń kọ́kọ́ jẹ, pàápàá nínú àwọn tí wọ́n ṣe títí di nǹkan bí 1970, nítorí ẹ̀rọ tí ń tu epo lára dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Epo ẹ́ńjìn rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, kò sì ní fítà bí ti òde òní, àyàfi asẹ́ irin. Nítorí náà, bí ó bá ti rin 5,000 kìlómítà, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n rọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹsẹ̀ awakọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, bí a bá tẹ tọ́rótù, iná mànàmáná ni ń lọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ ti tẹ nǹkan. Kọ̀ǹpútà á wo bí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ tó, bí ẹ́ńjìn ti gbóná tó, á sì pinnu iye epo tí yóò tú sílẹ̀. Nínú ìjàpá, okùn irin kan ni ó ti abẹ́ ẹsẹ̀ gba inú páìpù lọ dé kábúrétọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá sún, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́nu kábúrétọ̀ náà á sún. Afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé, á kan ibi tí ọ̀fun náà ti fún, á sáré sí i níbẹ̀, agbára tí ó fi ń tẹ ara ohun tí ó yí i ká á sì dínkù, gẹ́gẹ́ bí Venturi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti ṣàlàyé ní èyí tí ó ju igba ọdún lọ sẹ́yìn. Epo tí ó wà nínú ìkòkò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì gba ihò tín-ín-rín tú jáde bá a. Kò sí agbọ̀rọ̀sọ láàárín ẹsẹ̀ àti iná. Òun ni ó fi jẹ́ pé awakọ̀ ìjàpá a máa mọ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ́ńjìn náà bá ń fẹ́ èémí, bí òkè bá ti wúwo jù fún gíà kẹta, tàbí bí ìdọ̀tí bá ti wọ inú epo.

Bákan náà ni ọwọ́ rí. Nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù ẹ́ńjìn wà, iwájú fúyẹ́, sítẹ́ríìnì kò nílò ẹ̀rọ tí yóò bá ọwọ́ yí i, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún àtẹ́lẹwọ́. Ẹrù ẹ̀yìn yìí ni ó tún ń tẹ àwọn táyà tí ń wa ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí ìjàpá fi ń gun ẹrẹ̀ ìgbà òjò jáde níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń yí táyà lásán. Agbára rẹ̀ kéré: èyí tí ẹ́ńjìn rẹ̀ tóbi jùlọ nínú wọn, 1600, kò fi bẹ́ẹ̀ ju agbára ẹṣin 50 lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni awakọ̀ ń lò, ní eré tí ọlọ́kọ̀ òde òní kò tilẹ̀ ní kà sí eré. Jẹ́jẹ́ larẹwà ń rìn.

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Ẹrù ẹ̀yìn tí ó dára nínú ẹrẹ̀ kò dára nínú kọ́nà: bí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, tí ẹ̀rù bà á, tí ó sì ká ẹsẹ̀ kúrò lójijì, ẹ̀yìn lè fẹ́ ṣáájú iwájú, pàápàá nínú àwọn ti àtijọ́ tí táyà ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀ wọnú. Kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba àyà ènìyàn sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá, kò ní búréèkì ABS, èéfín rẹ̀ sì burú ju ti ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kí ó fi í kó ìyàwó àti ọmọ rìn ní òru lójú ọ̀nà márosẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé. Ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá tó fún, kí ó di ti ìgbàlódé mú.

Ẹni tí ó bá sì ti pinnu pàṣípààrọ̀ náà, kí ó kọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ó ti dùn jù. Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìn tó gbóná, kí ó ṣí ìdérí fáàfù, kí ó fi irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àyè wò ó bóyá àyè tí ó wà lẹ́nu fáàfù jẹ́ 0.15 mìlímítà, bí ó bá dín, fáàfù kò ní padé dáadáa, yóò sì jóná. Kí ó ṣe kọ́ńtáàtì tí ń darí iná pọ́lọ́ọ̀gì bákan náà, 0.4 mìlímítà ni tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ dé orí kí á sọ ẹ́ńjìn kalẹ̀, bóòtù mẹ́rin péré ni ó so ó mọ́ àpótí gíà, mẹkáníìkì méjì tí wọ́n mọṣẹ́ sì lè gbé e jáde kí wákàtí kan tó pé.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sanwó rárá, kí ó gbé àga ẹ̀yìn sókè, kí ó wo abẹ́ bátìrì bóyá ásíìdì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà dé ojú títì. Lẹ́yìn náà kí ó pa ẹ́ńjìn, kí ó lọ sẹ́yìn, kí ó di púlì ńlá ìsàlẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó tì í wọlé, kí ó tún fà á síta. Bí kò bá mì, ó dára. Bí ó bá ń dún kọ̀, tí ojú sì rí i pé ó ń lọ, tí ó ń bọ̀, bíárìn inú ti jẹ, ẹ́ńjìn náà yóò di títú palẹ̀ láìpẹ́, kí ó sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí olówó ọkọ̀ ń pè.