Owó Iná Nínú Ilé Àyágbé: Ibo Ni Ó Ń Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lórí ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhàwù tàbí sọ́rọ́fù, ṣùgbọ́n ó ń da ilé rú ju bí a ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ owó iná mànàmáná ni, pàápàá fún àwa tí a kò tíì kọ́ ilé tiwa, tí a jẹ́ ayálégbé.

Nínú ilé kan tí a gbé rí ní Ìbàdàn, yàrá mẹ́wàá ni ó kọjú síra wọn, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Bí ó bá di pé kí a ra iná, ọgbọọgba ni a máa ń dá owó rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí kò ní ju gílóòbù kan àti rédíò lọ. Iye tí ó ń san náà ni ẹni tí ó ń fi fìrísà ta omi tútù ń san. Ní ọjọ́ tí ìyá yìí sọ pé òun kò san mọ́, ariwo sọ, àwọn kan ní kí a já wáyà rẹ̀. Wọ́n ní kí àwa wá dá sí i nítorí pé a jẹ́ àfáà. Nígbà tí a jókòó tí a ṣe ìṣirò, a rí i pé àwa gan-an wà lára àwọn tí ìyá náà ń bá san owó.

Bí ìṣirò náà ti rí nìyí. A máa ń kọ agbára ohun èlò kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀, ní wáàtì. Bí ohun tí ó jẹ́ 1,000 wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ti lọ. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 60 wáàtì yóò tàn fún wákàtí 16 àti díẹ̀ kí ó tó jẹ yúnìtì kan. Fáànù 70 wáàtì yóò fẹ́ fún bíi wákàtí 14. Ṣùgbọ́n irin tí a ń kì bọ omi láti mú un gbóná, bí ó bá jẹ́ 1,500 wáàtì, ìṣẹ́jú 40 péré ni. Ohun tí ó bá ń mú nǹkan gbóná ni ó ń jẹ owó jù. A máa ń bá àwọn ọmọ jà nítorí gílóòbù, a ó sì gbàgbé irin tí ó wà nínú garawa.

Ẹ wo garawa omi lítà 20. Kí omi náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò jẹ bíi ìdajì yúnìtì. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ó fi hó, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúnìtì méjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo ni ó fẹ́ wẹ̀, ìyókù yóò sì tutù síbẹ̀. (Kí a yọ irin náà kúrò lójú iná kí a tó ki ọwọ́ bọ omi o, ó ti pa ènìyàn.) Bẹ́ẹ̀ náà ni áyọ́ọ̀nù: ìgbà tí ó ń ti inú òtútù bọ̀ ni ó ń jẹun jù, bí ó bá ti gbóná tán yóò máa sinmi fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ aṣọ kan láràárọ̀ ń san owó ìgbóná yẹn lójoojúmọ́. Ẹni tí ó lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ san án lẹ́ẹ̀kan.

Síbẹ̀, gílóòbù kò ṣe é fojú fò, nítorí pé ó máa ń pẹ́ ní títàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC gbé yúnìtì kan sí 225 náírà fún àwọn àdúgbò Band A, níbi tí wọ́n ní kí iná máa wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Láti ìgbà náà ni iye yìí ti yí padà díẹ̀, àdúgbò mìíràn kò sì san tó bẹ́ẹ̀. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a fi 200 náírà ṣe é. Gílóòbù 60 wáàtì mẹ́rin, wákàtí 5 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, yúnìtì 36 ni láàárín ọgbọ̀n ọjọ́: 7,200 náírà. Bí a bá fi LED oní-wáàtì 9 rọ́pò wọn, 1,080 náírà ni. Ayálégbé kò sì níláti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí ó tó pààrọ̀ gílóòbù. Ọjọ́ tí ó bá ń kó lọ, yóò tú u dání.

Fìríìjì ńkọ́? Kí a má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ògiri, kí a má gbé ọbẹ̀ gbígbóná sí i. Kí a fi ìwé há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ìwé náà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà rẹ̀ ti bàjẹ́, òtútù ń jáde.

Kí a tó gba ilé, ẹ jẹ́ kí a béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà, nítorí pé nínú káàdì tí ẹni tuntun bá rà ni wọn yóò ti máa yọ ọ́. Bí mítà bá jẹ́ ti yàrá wa nìkan, kí a pa gbogbo nǹkan, kí a yọ gbogbo wáyà kúrò lójú iná, kí a wo iná kékeré tí ó ń ṣẹ́jú lára mítà. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú, bóyá wáyà ti bàjẹ́ níbì kan, tàbí ẹlòmíràn ń fa iná lára wa. Kí a pe oníṣẹ́ iná, kí a má fọwọ́ kàn án. Ní ti àwọn tí ń fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, olè ni, kódà bí iná kì í báà wà déédéé.

Nínú ilé wa ọjọ́ náà, a kọ ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wáàtì rẹ̀, àti wákàtí tí ó ń lò lójúmọ́. Gílóòbù ìta tí ó ń tàn mọ́jú, gbogbo ilé ni ó jọ ni ín. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, onílé gbà kí a ra mítà kékeré sí ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan, ìjà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́ tí a fi wáàtì pín owó, ti ìyá náà kò tó ìdá kan nínú ogún. Tiwa, nítorí omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù àràárọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ohun tí a ń san tẹ́lẹ̀. A san án.