Bí Ìkànnì Kan Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ní ráútà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù. Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, WhatsApp ń wọlé, àwọn ọmọ ń wo fídíò, ṣùgbọ́n ìkànnì báńkì tí a fẹ́ fi san owó èyáwó kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí. Ẹlòmíràn á gbé owó fún ọmọkùnrin àdúgbò pé kó wá bá òun tú u sílẹ̀. Ẹlòmíràn á tẹ ìsanwó lẹ́ẹ̀kan, á tún un tẹ̀, títí owó á fi jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí à ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ mọ ìyà tó wà nínú wíwá irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kedere.

Kí ojú ìwé kan tó dé orí fóònù wa, ọwọ́ mẹ́rin ló ń gbà kọjá: ọwọ́ ẹni tó ni ìkànnì, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ráútà inú ilé, àti fóònù fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn lè ti ilẹ̀kùn. Bí a kò bá mọ ẹni tó tì í, a ó kàn máa na aláìṣẹ̀ ni.

Ẹ rántí ọdún 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá Twitter, tí orúkọ rẹ̀ ti di X báyìí, dúró ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ rẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sọ pé àjọ NCC ti pàṣẹ, àwọn sì ti ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró náà kò bófin mu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi tì í, ẹni tó bá ń tú ráútà palẹ̀ nítorí Twitter kàn ń ṣe iṣẹ́ òfo ni. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ní Àbújá, a kì í ti Tàkíẹ́ ṣí i.

Ẹ tún rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà níbí. Ráútà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìyẹn náà.

Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, a kò ní mọ èyí tó ṣe é.

Èkíní, ẹ gbìyànjú ìkànnì mìíràn. Bí ìkankan kò bá ṣí, dátà lè ti tán tàbí kí nẹ́tíwọ̀kì má sí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni kò ṣí, ẹ tẹ̀síwájú.

Èkejì, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wò ó lórí Wi-Fi kan náà. Bó bá ṣí níbẹ̀, fóònù tiyín ló lẹ́jọ́. Ẹ wo ọjọ́ àti aago orí rẹ̀. Ìkànnì báńkì ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ orí fóònù bá ti ṣì, ìwé ẹ̀rí gidi á dà bí ayédèrú lójú rẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá VPN wà níbẹ̀. Àwọn kan gbé VPN sórí fóònù nígbà ọ̀rọ̀ Twitter, wọn kò sì yọ ọ́ mọ́. VPN lè mú kí báńkì rò pé ìlú òyìnbó lẹ ti ń bọ̀, kó sì torí ìyẹn dá yín dúró. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tún léwu, torí ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni ẹrù yín ń gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi dátà SIM wò ó; ó dára kó jẹ́ SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bó bá ṣí, ráútà tàbí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni kí ẹ dojú kọ. Bí kò bá ṣí níbikíbi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ onílé ni wàhálà wà. Ẹ fara balẹ̀ dè wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ ráútà kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó dá a padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì a máa pín àdírẹ́sì kan fún ọ̀pọ̀ oníbàárà. Bí ẹnì kan bá fi ṣe jìbìtì, ìkànnì lè ti àdírẹ́sì náà pa, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan náà jìyà rẹ̀. Bí ráútà bá tún jí, ó lè gba àdírẹ́sì mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo DNS. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àlejò tó wọ ọjà Akẹ̀sán kì í mọ nọ́ńbà ìsọ̀. Orúkọ ló mọ̀. Á béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìsọ̀ Ìyá Elélùbọ́?" Ẹni tó ń fọ̀nà hàn án ni DNS. Orúkọ ìkànnì ni à ń tẹ̀, òun ló ń wá nọ́ńbà rẹ̀ fún fóònù. Bí afọ̀nàhàn bá ṣìnà, tàbí wọ́n ti ní kó má fi ibì kan han ẹnikẹ́ni, a ó rò pé ìsọ̀ ti kógbá sílé, bẹ́ẹ̀ Ìyá Elélùbọ́ wà níbẹ̀ tó ń tajà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ìkànnì báńkì kan kò ṣí lórí ráútà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń ṣí lórí dátà akápò. Ẹni tí a pè ní kí a lọ ra ráútà tuntun. A kò tíì sanwó tí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń ta fóònù fi ní kí a dúró. Ó wọ inú ráútà, ó fi 8.8.8.8 ti Google rọ́pò DNS tó wà níbẹ̀, ìkànnì sì ṣí. Kọ́bọ̀ kan kò jáde. Lórí fóònù Android tuntun, ẹ lè wá Private DNS, kí ẹ kọ dns.google síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti kọ nǹkan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an lè jẹ́ ìdènà.

Ẹ yẹ inú ráútà wò pẹ̀lú bóyá ẹnì kan ti kọ orúkọ ìkànnì náà sí ibi ìdènà tí a ń ṣe nítorí àwọn ọmọdé. Bí pásíwọ̀ọ̀dù ráútà yín bá ṣì jẹ́ "admin", ẹ yí i padà lónìí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ pe 300, nọ́ńbà oníbàárà gbogbo nẹ́tíwọ̀kì. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn bó ṣe yẹ, ẹ fẹjọ́ sùn NCC lórí 622.

Ilẹ̀kùn tí a tì fún ire wa

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ló yẹ ká fipá ṣí. Bí fóònù bá kìlọ̀ pé ìkànnì kan kò ṣeé fọkàn tán, tí ọjọ́ àti aago sì pé, ẹ má ṣe kọjá. Ó lè jẹ́ ayédèrú tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi jọ ti báńkì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín ṣí ìkànnì, kò nílò PIN yín, kò sì nílò nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín. Bó bá béèrè, ẹ lé e.

Bí ojú ìwé ìsanwó bá sì dúró gbagidi láàárín ọ̀nà, ẹ má ṣe tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àpò owó yín, kí ẹ sì pe akápò kó wo ìwé. Owó tí a rò pé kò lọ lè ti dé.

Ẹ gé abala yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Ẹni tí kò bá yé dáadáa, kó mú fóònù rẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a ó jọ wò ó.