Ṣé o mọ̀? Bí a ṣe ń mí, àti ohun tó ń dí èémí lọ́wọ́

• Ẹ̀dọ̀fóró kì í dá fẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣan tó tẹ́ sáàárín àyà àti ikùn ló máa ń sún wálẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró tó ráyè fa atẹ́gùn wọlé.

• Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kò dọ́gba: ọ̀tún pín sí 3, òsì pín sí 2, kí ọkàn lè ráyè.

• Nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 àpò wẹ́wẹ́ ló wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

• Òtútù àyà máa ń mú kí omi àti ọyún kún inú àwọn àpò yìí. Bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, má fi falẹ̀ rárá: gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

• Kòkòrò ló ń fa ikọ́ ife, kì í ṣe èpè. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló kéde rẹ̀ lọ́dún 1882. Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lo oògùn rẹ̀ tán pátápátá, kódà bí ara bá ti yá.